LPN tó fẹ́ gba BSN, má ra transcript o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. LPN ni mí (nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ RN) ní Maryland ní Amẹ́ríkà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí mo bá san $12,000, wọ́n á fún mi ní transcript (ìwé èsì ẹ̀kọ́) tí màá fi ṣe ìdánwò RN, ìyẹn nọ́ọ̀sì àgbà, kò sí kíláàsì, kò sí clinical (ìdánrawò lọ́dọ̀ aláìsàn), torí mo ti ní ẹ̀pírẹ́ńsì. Ó ní tí mo bá ti pass NCLEX, ìdánwò láísẹ́ńsì yẹn, ta ló máa bèèrè school? Màá wá ka BSN, dìgírì nọ́ọ̀sì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kò dáa rárá, àbúrò mi. Ìbéèrè yìí ti sú mi, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí o, àwọn tó ń tajà yẹn ni. Ìwé ayédèrú ni wọ́n fẹ́ tà fún ẹ.

Ṣé o ò gbọ́ nípa Operation Nightingale, ìwádìí lórí dípúlómà nọ́ọ̀sì ayédèrú, ni? January 2023, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan èèyàn 25 lórí nǹkan yìí gan-an, school mẹ́ta ní gúúsù Florida, dípúlómà àti transcript tó lé ní 7,600 ni wọ́n tà, àwọn LPN tó fẹ́ di RN sì wà lára àwọn tó rà á. Wàá ní ṣebí wọ́n ṣe ìdánwò. Wọ́n ṣe é, bíi 2,400 nínú wọn tiẹ̀ pass. Ṣé ìyẹn gbà wọ́n sílẹ̀? Delaware tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀ wọ́gi lé láísẹ́ńsì, Georgia kọ lẹ́tà sáwọn kan pé kí wọ́n dá tiwọn padà. Board, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ńsì, fẹ́ kó o parí school tí àwọn fọwọ́ sí, kó o sì tún pass, ọ̀kan ò lè rọ́pò èkejì. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe NCLEX fún ẹ, kò rí ọwọ́ ẹ, kò lè mọ̀ bóyá wàá tètè fura pé mímí aláìsàn ti yí padà láago mẹ́ta òru, ibi clinical la ti ń rí ìyẹn.

Ẹ̀pírẹ́ńsì ẹ wúlò, mi ò ní kò wúlò, àwọn school mìíì máa ń tìtorí LPN fún èèyàn ní kírẹ́díìtì. Àmọ́ RN ló ń ṣe àyẹ̀wò aláìsàn látòkèdélẹ̀ tó sì ń ṣètò ìtọ́jú ẹ̀, ọdún mélòó kan nídìí pípín oògùn ò lè kọ́ ẹ nìyẹn tán.

Ọ̀nà tí mo máa ń sọ fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni LPN-to-RN ní community college. Wàá kọ́kọ́ ka anatomy, microbiology àtàwọn yòókù, lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń tó ọdún kan sí méjì, wàá gba ADN (dìgírì nọ́ọ̀sì tó kéré sí BSN), wàá ṣe NCLEX-RN, owó ẹ á gòkè. Ìgbà yẹn ni RN-to-BSN orí íntánẹ́ẹ̀tì wá bọ́gbọ́n mu, ọ̀pọ̀ ọsibítù sì máa ń bá èèyàn san lára owó ẹ̀. LPN-to-BSN tààrà náà wà, bí ọdún mẹ́ta, tó o bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó o sì lọ́mọ kékeré, mi ò gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ: ADN nìkan ti tó láti di RN. New York ló ṣòfin ní 2017 pé RN tuntun gbọ́dọ̀ gba BSN láàárín ọdún 10.

Kó o tó san kọ́bọ̀, wo orúkọ school náà lórí ìwé Board, wò ó bóyá ACEN tàbí CNEA, àwọn àjọ tó ń yẹ school nọ́ọ̀sì wò, fọwọ́ sí i, torí school BSN lè kọ ADN tí kò ní in. Òfin ìpínlẹ̀ yàtọ̀ síra, pe Board fúnra ẹ, má fi tèmi nìkan ṣe. Tó o bá sì ti sanwó fún wọn, lọ rí lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì kó o tó kọ ohunkóhun sí Board, mi ò kì í ṣe lọ́yà.