Bí Àjọ Aṣèwádìí Kékeré Ṣe Lè Kó Iṣẹ́ Rẹ̀ Lọ Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Àjọ aṣèwádìí tí kì í ṣe fún èrè ni wá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni wá: mẹ́fà wà ní ọ́fíìsì, mẹ́jọ ń lọ sáwọn abúlé ní Surulere, Oríire àti Ògo-Olúwa láti béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá nípa oúnjẹ ọmọ wọn. Orí WhatsApp àti fláàṣì ni gbogbo iṣẹ́ wa wà. Ìjábọ̀ kan ṣoṣo ti di ẹ̀dà márùn-ún, a kò sì mọ èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú àkójọ ìdáhùn wa ti ríṣẹ́ sí Èkó, ímeèlì tirẹ̀ ló sì fi ṣí fọ́ọ̀mù tí à ń lò lórí Google. Àwọn agbátẹrù wa ní ká máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ká rà, báwo la sì ṣe máa bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú iná tí kì í dúró àti àwọn àgbà tó fẹ́ràn bébà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ sí Èkó ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti lè sọnù pátápátá. Fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan fi ímeèlì ara rẹ̀ ṣí, ilé tí ẹ kọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Bó bá pa ímeèlì náà rẹ́, tàbí tí olè gba fóònù rẹ̀ tí kò sì lè wọlé mọ́, ọwọ́ yín ò ní tó o. Kó tó kúrò, ẹ ní kó so ìdáhùn mọ́ Google Sheets, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ ní XLSX, ìyẹn irú fáìlì Excel. Lẹ́yìn náà kó fi ímeèlì àjọ kún àwọn tó lè tún fọ́ọ̀mù náà ṣe, kí àjọ wá ṣe ẹ̀dà tirẹ̀. Tí ẹ bá ṣe ẹ̀dà Google Forms, àwọn ìbéèrè nìkan ló ń bá a lọ, ìdáhùn kì í tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí XLSX fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde.

Ímeèlì àjọ wá ńkọ́? Google àti Microsoft ló ní ètò ọ̀fẹ́ fún irú àjọ yín. Ti Microsoft gba ènìyàn 300. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àjọ yín lọ́dọ̀ CAC, ti Incorporated Trustees, ni ẹ máa fi ṣe ẹ̀rí. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ kọ gẹ́lẹ́, títí kan "Foundation" tàbí "Initiative" tó parí rẹ̀, torí ìyàtọ̀ kékeré lè dá ìbéèrè yín padà. Google ni màá mú fún yín, nítorí Gmail àti fóònù Android ti mọ́ àwọn ènìyàn yín lára. Tó bá jẹ́ pé inú Word àti Excel ńláńlá ni iṣẹ́ yín wà, ẹ mú Microsoft. Ẹ ṣáà má mú méjèèjì.

Àdírẹ́sì (domain) tí ímeèlì yín máa gbé lórí, ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Orúkọ àjọ ni kí ẹ fi gbà á. Ẹni méjì ni kó ní àṣẹ lórí rẹ̀, kí ọjọ́ ìsanwó sì wà nínú ìwé akápò. Bí ọjọ́ bá kọjá, ímeèlì gbogbo yín ni yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù ni kó ní ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ènìyàn mẹ́rìnlá máa pín ẹyọ kan lò, nítorí bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ò ní mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ẹ tan ààbò onígbèésẹ̀ méjì. Google máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìrànwọ́ (backup codes) mẹ́wàá tó lè fi wọlé. Ẹ tẹ ti àwọn alábòójútó síta, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí ọ́fíìsì, torí ọjọ́ tí SIM bá sọnù, òun ló máa là yín.

Ẹ wá ṣí shared drive, ìyẹn ibi ìkófáìlísí àjọ lórí Google Drive. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Drive lásán ni pé àjọ ló ni fáìlì tó bá wà nínú rẹ̀, bí ẹni tó kọ ọ́ bá lọ, fáìlì kì í bá a lọ. Ẹni méjì péré ni kó jẹ́ Manager, ìyẹn alákòóso rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá fi ṣe Contributor lè kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́. Ipò yẹn dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn mẹ́jọ tó ń lọ sábúlé kò nílò láti wọ ibẹ̀ rárá. Fódà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó. Orúkọ fáìlì, ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù àti ọjọ́ tẹ̀ lé e, kí wọ́n lè to ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni má kọ "final" sí orúkọ fáìlì mọ́. Version history, ìyẹn ìtàn àtúnṣe fáìlì, ń pa àwọn àtúnṣe mọ́, ẹ sì lè fún èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí agbátẹrù lórúkọ níbẹ̀.

Ẹ má kó gbogbo iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ mú ìjábọ̀ kan, ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé láti ọjọ́ náà, ẹ̀dà tó wà lórí Drive nìkan lẹ mọ̀. WhatsApp kò ní kú o. Ẹ máa fi sọ̀rọ̀, ẹ máa fi líǹkì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n fáìlì kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àjọ ti ń ṣubú. Ọ̀gá àgbà kan á fi Word ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ojú á ti akọ̀wé láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, á tún un ṣe, ẹ̀dà kẹfà á sì dé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa òfin yìí mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ lọ. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa gbólóhùn Dókítà rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, nítorí náà àṣìṣe á wà níbẹ̀ títí ìjábọ̀ á fi lọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àwọn ọ̀dọ́ máa lo Suggesting dípò Editing nínú Google Docs. Ohun tí wọ́n kọ yóò hàn bí àbá, àgbà náà ló sì máa gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Ó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ bí àgbà bá fi orúkọ pè wọ́n nínú àlàyé ẹ̀gbẹ́ ìwé: "Bọ̀sẹ̀, bá mi wo àtẹ kejì yìí." Ẹni tó bá fẹ́ bébà, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún un pẹ̀lú tọwọ́tọwọ̀, kí ẹnì kan wá kó àtúnṣe rẹ̀ sórí Drive lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún ìgbèríko, ẹ fi Google Forms sílẹ̀, ẹ lo KoboToolbox, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn ìwádìí. Áàpù rẹ̀, KoboCollect, ń ṣiṣẹ́ lórí Android láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù sórí fóònù kí wọ́n tó kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n á fi ìdáhùn ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá padà dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ẹ lè kọ ìbéèrè ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀. Orúkọ abúlé àti ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un láti inú àkójọ tí ẹ ti tò sílẹ̀, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan á tẹ Ìrẹsà-Adú pẹ̀lú àmì, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ láìní àmì, kọ̀ǹpútà á sì kà á sí abúlé méjì. Tí ẹ bá ń gba ìdáhùn sílẹ̀, XLSX ni kí ẹ mú, torí bí Excel bá ṣí CSV (irú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán), ó lè sọ ẹ, ọ àti ṣ di ràdàràdà.

Ewu kan wà níbẹ̀: ìdáhùn tí wọn kò tíì fi ránṣẹ́, inú fóònù nìkan ló wà. Ẹni tó bá yọ áàpù náà kúrò torí pé fóònù kún, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Ẹ tan ìfiránṣẹ́ aládàáṣe, kí ẹnì kan ní ọ́fíìsì sì máa ka iye tó wọlé lálaalẹ́, kó fi wé iye tí wọ́n ní àwọn kọ.

Ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ lẹ ń gbà, òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí èyí tó nílò àkànṣe ààbò. Orúkọ ìyá àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní fáìlì ọ̀tọ̀ tí ẹni méjì péré lè ṣí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín fún un nìkan ni kó so ó mọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ má fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí "Anyone with the link", níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì ti lè ṣí i, láé.

Ní ti iná àti dátà: ẹ tan Offline (ìlò láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) nínú Google Drive lórí Chrome nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà, torí kò ṣeé tàn lẹ́yìn tó bá lọ. Ìpàdé Zoom ọ̀fẹ́ kì í kọjá ìṣẹ́jú 40, fídíò ẹlẹ́ni púpọ̀ sì lè jẹ ju MB 800 lọ ní wákàtí kan. Ẹ pa fídíò, ohùn nìkan tó. Ohun tó bá wọ Trash, ibi tí fáìlì tí ẹ pa rẹ́ ń lọ, ọjọ́ 30 ló ń lò kó tó parẹ́, nítorí náà ẹ máa gba shared drive sílẹ̀ sórí hard disk lóṣooṣù, kí hard disk náà má sì máa sùn sínú ọ́fíìsì kan náà tí àwọn kọ̀ǹpútà yín wà.