Kí ló dé tí iṣu, ẹran àti igi fi ń di dúdú bí èédú tí wọ́n bá jóná?

Nítorí pé kábọ́ọ̀nù, ìyẹn ohun tó pọ̀ jù nínú èédú, wà nínú gbogbo wọn: iná á lé omi àti afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ohun dúdú tó bá ṣẹ́kù, kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wo àwọn tó ń sun iṣu lẹ́bàá ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́. Èédú tí wọ́n dá iná sí àti èèpo dúdú tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha kúrò lára iṣu, ìpilẹ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ewé igi àti ewé iṣu ló fa kábọ́ọ̀nù yẹn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì fi agbára oòrùn sọ ọ́ di ṣúgà.

Átọ́ọ̀mù ni ẹyọ kékeré tí ojú kò lè rí, tí gbogbo nǹkan fi di odidi. Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan lè so mọ́ átọ́ọ̀mù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè so mọ́ irú ara rẹ̀ títí yóò fi gùn bí ẹ̀wọ̀n. Kò wọ́pọ̀ kí nǹkan mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀wọ̀n yìí ló wà nínú gaàrí, nínú epo pupa, nínú purotéènì ẹ̀wà àti ẹran, àti nínú ADN tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí. Nínú 100 kílò ara ènìyàn, nǹkan bí 18 jẹ́ kábọ́ọ̀nù.

Iyọ̀ kò ní kábọ́ọ̀nù rárá, nítorí náà kì í di èédú. Ìkarahun ìgbín ní kábọ́ọ̀nù, àmọ́ ó ti so mọ́ ọ́síjìn, wọ́n sì jọ wà pẹ̀lú kálísíọ́ọ̀mù, irú èyí tó wà nínú eegun. Bí a bá sun ún gidigidi, funfun ló ń dà.