Má tètè máa kùn ún bó bá jẹ́ orin Yorùbá lo ń kọ

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Iléṣà ti gbé orin kíkọ lé ọ lọ́wọ́, pé orin bíi mẹ́tàlá ló wà lórí fóònù rẹ tí ìkankan wọn ò parí, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kó o dúró de ìmísí ni àbí kó o máa fipá kọ ọ́ lójoojúmọ́. Àwọn kan ti dá ọ lóhùn ṣáájú mi pé kó o gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kó o tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tún orin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá gbọ́, kó o ka iye tó ní ọ̀rọ̀ nínú. Tó bá jẹ́ kíkùn lásán ló pọ̀ níbẹ̀, "hùn-ùn, la-la-la", ìmísí kọ́ ló wọ́n ọ. Òkè lo ti ń gun igi bọ̀ wálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn orin kíkọ tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ àwọn tí èdè wọn kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ti wá. Paul McCartney, olórin ẹgbẹ́ Beatles, jí lójú oorun pẹ̀lú ohùn orin kan lẹ́nu, kò tí ì ní ọ̀rọ̀ tó máa wọ̀ ọ́, ló bá ń fi "ẹyin díndín" dí àlàfo rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ gidi fi dé. Ó bọ́ sí i fún un, torí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹyin ni ẹyin, bó o gbé ohùn rẹ̀ sókè, bó o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tìrẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Tó o bá ti kùn ún tán kó o tó wá ọ̀rọ̀, o ti yan ohùn fún ọ̀rọ̀ tó ò tíì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà kìíní fi máa ń wọlé wẹ́rẹ́, tí ìlà kejì á kọ̀ jálẹ̀, tí wàá sì pa fóònù tì.

Àwọn kan tó gboyè nínú orin á sọ fún ọ pé kò ṣe nǹkan kan, pé ìjọ á mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Àwọn kan náà ló máa ń jókòó bí adájọ́ níbi ìdíje akọrin, tí wọ́n á máa pín máàkì lórí harmony (bí ohùn púpọ̀ ṣe ń bára mu), tí ẹnì kan nínú wọn ò ní bèèrè ohun tí orin yẹn ń sọ. Ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ òdì nínú ẹ̀, òun ni adájọ́ tèmi. Wàhálà yìí ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń tú orin ìjọ sí Yorùbá, ohùn orin òyìnbó náà ni wọ́n fi wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ sì ń dojú rú lẹ́nu àwọn èèyàn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà lára àwọn tó yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn, tó ń fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìjọ. T. K. Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá, ó jáde ní 1953. A ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ojútùú rẹ̀, àwọn ọ̀gá kan ni kò fẹ́ kà á.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Mú ìlà kan: *Ọwọ́ rẹ ló gbà mí là.* Má kọ ọ́ lórin. Sọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó o wá kọ ohùn sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan: re, mí, re, mí, dò, mí, dò. (Dò-re-mí ti àmì ohùn lèyí o, kì í ṣe sol-fa tí olùdarí yín ń kọ sójú pátákó. Ìsàlẹ̀, àárín àti òkè nìkan ló ń tọ́ka sí.) Wàyí o, wá ohùn orin tó ń lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lórí sol-fa (d ló wà nísàlẹ̀, m ga jù ú, s ló ga jù), m s m s d m d á gbé ìlà yẹn láìpa á lára.

Wo *rẹ*. Tó o bá já a bọ́ sórí d, ó di *rẹ̀*. Ọwọ́ ẹlòmíràn lo ń yìn nìyẹn, níwájú Ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀. Wo *là* tó gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ kí ìlà parí sókè kí ìjọ lè pariwo. Tó o bá gbé e lọ sórí s, *là* di *lá*, ọwọ́ tó ń gbani là di ohun tí wọ́n ń lá. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ níbi tí gbogbo akọrin wọ aṣọ kan náà, tí kámẹ́rà mẹ́ta ń yà wọ́n.

Tún wo *mí*. Ohùn òkè ni, bíi *wọ́* àti *ló*, síbẹ̀ orí m ló wà nígbà tí àwọn yẹn wà lórí s. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. *Gbà* tó ṣáájú rẹ̀ ti fa ohùn sílẹ̀, tí ohùn ìsàlẹ̀ bá sì ti wọlé sí àárín gbólóhùn, ohùn òkè tó tẹ̀ lé e kì í ga tó ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹnu tìrẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó o bá ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, sílébù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e ni kó o máa fi wéra. Má mú ìparí ìlà wé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí á kàn fọ́ ọ ni. Tí ohùn méjì tó tẹ̀ léra bá jẹ́ ọ̀kan náà, orin lè dúró lójú kan tàbí kó yẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ kí orin máa gòkè.

Ibi tí wọ́n bá ti ń jà, ọ̀rọ̀ ni kó o kọ́kọ́ yí, kó o tó fọwọ́ kan orin. Ṣùgbọ́n mọ èyí tó ò ń mú. *Olúwa* àti *Ọlọ́run* ò yàtọ̀ sírawọn, re mí re làwọn méjèèjì, pípààrọ̀ wọn ò tún nǹkan kan ṣe. *Ọba* jẹ́ re re. *Bàbá* jẹ́ dò mí. *Ẹlẹ́dàá* jẹ́ re mí dò mí, sílébù mẹ́rin. *Olódùmarè* jẹ́ re mí dò re dò. Kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé rẹ, wàá lò wọ́n ju bó o ṣe rò lọ.

Alto àti tenor, àwọn ohùn tó ń gbe soprano (ohùn tó ga jù) lẹ́yìn, náà ń ba nǹkan jẹ́. Ìwé harmony á ní kí alto máa gòkè nígbà tí soprano bá ń sọ̀ kalẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe dùn. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ *là* ni soprano ń kọ, *lá* ni alto ń kọ, ìjọ ń gbọ́ méjèèjì pọ̀. Jẹ́ kí wọ́n jọ máa gòkè kí wọ́n sì jọ máa sọ̀, tàbí kí alto máa fi "ùù" gbè é lẹ́yìn láìpe ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ máàkì kó yọ ọ́.

Lórí fífipá kọ ọ́ lójoojúmọ́: Lamidi Fakeye, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀ níbí, tí ère Odùduwà tó gbẹ́ wà ní Odùduwà Hall, ẹsẹ̀ George Bandele ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló ti kọ́ṣẹ́. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀: ọ̀nà lílé, tí wọ́n á fi àáké la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀; alétúnlé, tí wọ́n á pín àwọn yẹn sí kéékèèké; dídán; lẹ́yìn náà fínfín, ìyẹn ilà ojú àti irun. Kò sẹ́ni tó ń fín ojú sára igi tí wọn ò tíì la orí rẹ̀. Èyí tó wà lórí fóònù rẹ, mo fura pé fínfín ló pọ̀ nínú ẹ̀: dùùrù, ohùn alto, bí wọ́n á ṣe parí ẹ̀. Lílé àti ègbè dà? Kọ ìlà mẹ́rin àti ègbè kan, kí ó burú bó bá fẹ́, kó o ṣáà la igi.

Ìmísí náà wà, mi ò sẹ́ ẹ. Henri Poincaré, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, ṣe àlàyé bí ìdáhùn kan ṣe sọ sí i lọ́kàn bó ṣe gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ ní Coutances, láìjẹ́ pé ó ń ronú nípa rẹ̀ nígbà yẹn. Ibẹ̀ làwọn tó ń sọ ìtàn yẹn fún ọ máa ń dúró sí. Wọn kì í sọ pé ó ti kọ́kọ́ fi ọjọ́ 15 jókòó ti iṣẹ́ náà lórí tábìlì, tàbí pé nígbà tó padà délé, ó tún jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Beethoven, olórin ọmọ Jámánì, náà ń rìn kiri lọ́sàn-án lóòótọ́, àmọ́ ìwé wà nínú àpò rẹ̀, ó sì ń kọ ohùn orin kan ṣoṣo ní oríṣiríṣi kó tó gbà pé ó tó. Tí ìlà kan bá kọ̀, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí kò bá sí ìlà kankan nílẹ̀, kí lo fẹ́ fi sílẹ̀?

Má tún lọ tún orin ṣe ní sítúdíò o! Ibẹ̀ lowó ti ń run, wákàtí ni wọ́n fi ń ka owó, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ò sì ní sọ fún ọ pé *là* ti di *lá*. Àwọn ère orí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí ní 1938, ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ wọ́n lórí amọ̀. Gbogbo ojú, imú àti ètè, ara ìda ni wọ́n ti ń tún un ṣe, kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó, kí wọ́n yọ́ ìda jáde, kí wọ́n da idẹ sí i. Fela náà, ojú agbo ní Shrine ló ti ń tún orin tuntun ṣe fún ìgbà pípẹ́ kó tó lọ gbà á sílẹ̀, tó bá sì ti gbà á sílẹ̀ tán, kì í sábà kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Tìrẹ, ojú agbo rẹ ni ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀. Èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì fi ojú sọ fún ọ.

Tó o bá wá dé sítúdíò, gba faili WAV (èyí tí wọn ò fún pọ̀) ti ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó o tó san owó tó kù, má gba MP3 kan ṣoṣo lọ sílé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ẹni tó ni ohùn, àti bóyá ẹni tó lu dùùrù ní ìpín. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ó dìgbà tó o bá sanwó ìforúkọsílẹ̀ fún òun kí orin tó di tìrẹ, owó ló ń wá, káàdì yòówù kó gbé sọ́rùn. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, orin tó o bá fúnra rẹ kọ, tó ti wà nínú ìwé tàbí tó o ti gbà sílẹ̀, ti di tìrẹ, ẹ̀tọ́ náà sì máa wà títí ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ìforúkọsílẹ̀ lè wúlò bí ẹ̀rí, òun kọ́ ló ń sọ orin di ti èèyàn.

Kí n má gbàgbé: láti nótì Bb (B flat) tó wà nísàlẹ̀ C àárín dùùrù títí dé D òkè ni ohùn ìjọ mọ. Tó o bá gbé e kọjá ibẹ̀, akọrin nìkan ló máa kọ ọ́, àwọn yòókù á máa wò yín.

Nínú mẹ́tàlá yẹn, mú èyí tó kúrú jù. Sọ ọ́, má kùn ún. Gbé ìlà kan wá síbí, kó o kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kì í ṣe voice note, ká jọ wò ó.