Ṣé kí ọmọ mi bá wọn dẹ tàkúté ní Ẹ̀pẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Tọ́lá mi, ọmọ ọdún 13, fẹ́ lọ lo ọlidé ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣọdẹ. Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fàdéhùn sí i lórí fóònù: tàkúté ẹni tó bá mú ọ̀yà jù ló borí. Ṣé kí n gbà? Ìyá Tọ́lá, Manchester.

Ìdáhùn: Ìyá Tọ́lá, ẹ gba ti tàkúté, ẹ má gba ti “ta ló mú jù” yẹn. Òun ló bà á jẹ́ mọ́ tiwa lọ́wọ́.

Tàkúté mẹ́fà mẹ́fà ni àbúrò mi tó ń ṣọdẹ fún ọmọ mi àti ọmọ tirẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, èkejì ti mú méjì, tèmi ò tíì mú nǹkan kan. Ó bá jí ìkeje nínú àpò ọdẹ, ó dá lọ dẹ ẹ́. Ó mọ ojú ibi tí wọ́n ń dẹ ẹ́ sí: ọ̀nà tóóró inú eèsún, níbi tí ọ̀yà ti gé koríko sílẹ̀ tí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Èèkàn ni kò rántí. Bí ẹ̀wọ̀n tàkúté ò bá so mọ́ èèkàn tó wọlẹ̀ dáadáa, tàbí mọ́ gbòǹgbò igi, ẹran á wọ́ irin náà wọgbó lọ. Nígbà tó débẹ̀ láàárọ̀, irun díẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ló bá lórí ewé.

Àbúrò mi bi í lálẹ́ pé, “Ṣé mẹ́fà pé?” Ó ní, “Mẹ́fà pé.” Yorùbá tó gbọ́ ò ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ òru ni èmi àti ìyá rẹ̀ ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, ta ni ká ní kó kọ́ ọ? Ká ní ó gbọ́ èdè, bóyá ì bá jẹ́wọ́. Bóyá.

Kí ẹ̀gbọ́n yín ka tàkúté lójú wọn nígbà tí wọ́n bá ń jáde àti kí wọ́n tó sùn. Kí wọ́n so màrìwò mọ́ igi lókè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹran tó bá sùn mọ́jú nínú irin, ìyà ló ń jẹ. Ẹ̀yìn ọrùn ni kùmọ̀ ń bá, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ọwọ́ má sì sún mọ́ eyín ọ̀yà. Akika tó bá kó sí i, kí wọ́n tú u sílẹ̀; òfin àgbáyé ti ka òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀ láti 2017. (Bó bá jẹ́ jíjẹ ẹran lásán ni, ọjà Olúwo ò jìnnà. Ẹ má ṣáà dì í bọ̀, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú.) Ti bí wọ́n ṣe ń la ẹnu tàkúté, ẹ̀gbọ́n yín ni kó fi hàn án.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni ọmọ mi tó sọ ọ́ fún mi, nínú mọ́tò. Mi ò tíì sọ fún àbúrò mi. Ó ṣì ń sọ pé wọ́n jí tàkúté òun kan lọ́dún yẹn, ọmọ alágbàro kan ló sì ń fura sí.