Push-up ni mò ń ṣe látọjọ́ yìí, kí ló dé tí èjìká mi ò fẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí, kílò 60 ni mo wọ̀n. Àràárọ̀ ni mo ń ṣe push-up, mo tún ń gbé bench press (kéèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kó máa ti irin sókè láti àyà) ní jíìmù àdúgbò wa, àyà mi ti ń yọ àmọ́ èjìká mi ò fẹ̀ rárá, tí mo bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì ṣe ló máa ń rí bíi pé wọ́n fi kọ́ hángà. Kí ni kí n ṣe? Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n ra kápúsù kan tó ń mú egungun fẹ̀, ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, ká ti orí kápúsù yẹn bẹ̀rẹ̀, má rà á o. Bí egungun tó dábùú láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ sí èjìká ẹ ṣe gùn tó, bí wọ́n ṣe bí ẹ nìyẹn, kò sí òògùn tó lè fà á gùn fún ẹni ọdún 24, owó ẹ ni wọ́n ń wá. Iṣan tó bo ibẹ̀ lèèyàn lè mú tóbi.

Iṣan èjìká pín sọ́nà mẹ́ta: ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́, ti ẹ̀yìn. Push-up ni o, bench press ni o, ti iwájú ni gbogbo ẹ̀ ń bá jà, àyà àti apá ló tún ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ló ń mú kéèyàn fẹ̀ tí wọ́n bá wò ó látiwájú, ìyẹn gan-an lo ò tíì fún níṣẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní lateral raise. Mú dọ́ńbẹ́ẹ̀lì dání lọ́wọ́ méjèèjì, dẹ orúnkún díẹ̀, gbé apá sókè sí ẹ̀gbẹ́ àmọ́ jẹ́ kó yà síwájú díẹ̀, kí ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀, ìgúnpá yẹn náà ni kó máa ṣáájú lọ sókè, kì í ṣe ọwọ́. Tó bá ti bá èjìká dọ́gba, ó tó. Rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ka 1, 2, 3 kó tó délẹ̀, ọ̀pọ̀ kàn máa ń jẹ́ kó já bọ́ ni, ìdajì iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Àwọn kan máa ní kó o yí àtàǹpàkò kọjú sílẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn, ó lè máa há iṣan mọ́ inú oríkèé.

Kílò 3 sí 5 ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kójú tì ẹ́. Mo máa ń rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n á gbé kílò 15 tí wọ́n á máa fi ìbàdí jù ú sókè, ọrùn àti ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn fún wọn jàre, èjìká ń sùn. Gbé e nígbà 12 sí 20 kó o tó sinmi, ìyẹn ni sẹ́ẹ̀tì kan, ṣe sẹ́ẹ̀tì 3 tàbí 4, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ìgbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú sẹ́ẹ̀tì le gan-an. Tí o ò bá ní dọ́ńbẹ́ẹ̀lì nílé, wá kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 méjì, ṣebí ó lọ́wọ́ tá a fi ń gbé e, bu omi dé ìdajì, bíi kílò 2 àtààbọ̀ nìyẹn, tó bá ti ń rọrùn kó o máa bu omi kún un díẹ̀díẹ̀, kí méjèèjì ṣáà dọ́gba.

Ìyẹn tán, overhead press ló kàn: kó o ti irin láti òkè àyà lọ sókè orí, ìgbà 6 sí 10, sẹ́ẹ̀tì 3, fún inú àti ìdí le kí ẹ̀yìn má bàa tẹ̀. Tó bá jẹ́ irin tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sínú agolo ọ̀dà ni wọ́n ń lò ní jíìmù yín, kọ́kọ́ gbé e láàárín gbùngbùn ná, ibi tó bá tẹ̀ sí ló wúwo jù, irú ẹ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ kéèyàn gbé sókè orí. Iṣan èjìká ti ẹ̀yìn ò ní wàhálà, tẹ̀ síwájú kí àyà kọjú sílẹ̀, fi dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kékeré ṣí apá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o wá fi pull-up kún un, ìyẹn kó o rọ̀ mọ́ irin tó dábùú lókè kó o fa ara ẹ sókè.

Oúnjẹ ńkọ́? Pẹ̀lú kílò 60, máa lé pròtéènì bíi gíráàmù 95 lójúmọ́. Ẹyin kan ò ju bíi 6 lọ, torí náà ẹyin méjì àárọ̀ ò lè gbé e, fi ẹ̀wà, ẹja àti wàrà sóyà sí i, má sì dín ẹ̀bà kù o, bó o ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Fi tẹ́ẹ̀pù télọ̀ yí èjìká méjèèjì ká níbi tó fẹ̀ jù, kọ ọ́ sílẹ̀, ó di lẹ́yìn oṣù 3 kó o tó tún wọ̀n ọ́n. Àmọ́ tó bá ń ta ẹ́ nínú oríkèé tó o bá gbé apá sókè, tàbí tí o ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn lóru, dá irin dúró kó o lọ rí físíò, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, ní ọsibítù, kì í ṣe ẹni tó máa fi róòbù ra á fún ẹ.