Ẹ Bi Olùkọ́: Ṣé Oníṣẹ́ Ibi Nìkan Ló Ń Ti Lẹ́tà Pa?

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin ń kọ́ kọ̀ǹpútà fúnra wa níbí. A rí ètò kan tí ń ti lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì pa, tó fi jẹ́ pé ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ló lè kà á. Bàbá mi rí ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo rẹ̀ rí rúdurùdu, ni wọ́n bá ní ẹni tó bá ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa, iṣẹ́ ibi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan tún rú mi lójú: ètò náà ní kí n pín kọ́kọ́rọ́ mi fún gbogbo ayé. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, kí ló tún kù tó ń tì?
Ọmọ yín obìnrin, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, n ó kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rú ọ lójú, torí ìṣirò ni, ìṣirò ni mo sì fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀fà kí n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìlọrin.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ni o ní. Èyí tí ò ń pín kiri, àgádágodo ni kó o kúkú pè é. Ká ní o ra ogún àgádágodo lọ́jà Ìpàta, tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí gbogbo wọn. O lè pín wọn káàkiri ní ṣíṣí. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ á kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, á tẹ àgádágodo náà, kó! Òun alára ò lè ṣí i mọ́. Ìwọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ló lè ṣí i.

Mú ẹ̀rọ ìṣirò wá. Mo mú 3 àti 11, mo sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 33. Mo pariwo 33 àti 3 síta, àgádágodo mi nìyẹn; mo fi 7 pamọ́, òun ni kọ́kọ́rọ́ mi. Ká ní 4 lo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Torí 3 tí mo pariwo, kọ 4 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó o sọ wọ́n di púpọ̀: 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 16 lọ́nà 4 jẹ́ 64. Fi 33 pín in, ó ku 31. 31 yẹn ni kó o fi ránṣẹ́, kí gbogbo ọjà gbọ́. Èmi á kọ 31 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, n ó sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ra wọn, ó di 27,512,614,111. Fi 33 pín ìyẹn náà wò: ó ku 4! Ẹni tó bá tú 33 padà sí 3 àti 11 lè wá 7 mi rí, ṣùgbọ́n nọ́mbà tí ètò yín ń lò sábà máa ń gùn tó fígọ̀ 600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó tú irú rẹ̀ padà. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Diffie àti Hellman, ló tẹ èrò yìí jáde ní 1976; ìṣirò tí a ṣe yìí, Rivest, Shamir àti Adleman ló rí i ní 1977.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà náà ti bára wọn fà á rí. Ní 1984, Tom Jennings dá FidoNet sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ẹ̀rọ inú ilé kan á fi wáyà tẹlifóònù pe òmíràn lóru, nígbà tí owó ìpè bá wálẹ̀, lẹ́tà á sì máa ti ilé dé ilé. Òfin wọn ti 1989 ní onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ohun tó ń gba ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá, àti pé ẹni tó bá fi lẹ́tà títì gba ilé onílé láìgba àṣẹ ń yọ ará yòókù lẹ́nu. Ẹ̀rù wọn yé mi. Bí ohun búburú bá gba ilé rẹ kọjá, ẹnu ọ̀nà rẹ ni ọlọ́pàá máa kàn. Síbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn tó fẹ́ tì í ni mo wà.

Ní 1986, mo fi lẹ́tà rán awakọ̀ kan ní gáréèjì Ọ̀fà sí àfẹ́sọ́nà mi ní Ìlọrin. Mo lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀, owó ìdána tí n kò tíì rí ni mo kọ. Nígbà tó fi máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹnu apòòwé náà ti ṣí, ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọmọkùnrin kan ní gáréèjì bi mí bóyá mo ti rí owó ìdána yá. Odindi oṣù mẹ́ta, lẹ́tà mi sí ọmọbìnrin náà kò ju “ara mi le, ṣé ara rẹ le” lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n má sọ̀rọ̀. Mo kàn dákẹ́ ni.

Ohun tí Phil Zimmermann, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, rí nìyẹn. Ní 1991, àbá òfin kan wà nílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà pé kí ìjọba máa rí ọ̀nà ka lẹ́tà títì. Ó sáré parí PGP, ètò tirẹ̀ tí ń ti lẹ́tà pa, ó fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà sì pín in láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Òfin ibẹ̀ nígbà náà ka irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun ìjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó jáde láìgba àṣẹ. Wọ́n tọpinpin ọkùnrin yìí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó jáwọ́ ní 1996, láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 1995, wọ́n tẹ gbogbo ìlà ètò náà sínú ìwé títà, torí òfin náà kò de ìwé. Lọ́dún yẹn kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Daniel Bernstein pe ìjọba lẹ́jọ́, nígbà tó di 1996 adájọ́ Marilyn Patel dá a pé ìlà ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ni, ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sì dáàbò bò ó. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn títí dòní.

Bi bàbá rẹ léèrè àrokò. Ṣé ẹni tó di owó ẹyọ pọ̀ ránṣẹ́, tí ìránṣẹ́ ò sì mọ ohun tó wí, oníṣẹ́ ibi ni?

Àmọ́ o, má gba àgádágodo ọ̀rẹ́ rẹ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn lè fi tirẹ̀ rọ́pò. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́mbà 40. Ẹ pàdé lójúkojú, kí ẹ kà á síra yín létí. Kí bàbá rẹ di ìwé tí ẹ kọ àmì náà sí mú, kí wọ́n máa fi bírò sàmì sí i bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Sì rántí pé ètò yìí kì í bo orúkọ ẹni tó kọ̀wé àti ẹni tí a kọ ọ́ sí.

Kọ̀wé padà sí mi bí 31 bá di 4 lọ́wọ́ rẹ.