Èsì: Bọ́gà onídòdò tí ẹran rẹ̀ ń fọ́, tí búrẹ́dì rẹ̀ sì ń rin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹran bọ́gà yín ń fọ́ nínú páànù, àti pé búrẹ́dì ń rin gbindingbindin tí dòdò àti ata díndín bá ti wọ̀ ọ́.

Àlùbọ́sà àti ata tútù tí ẹ rẹ́ mọ́ ẹran ló ń fọ́ ọ. Omi wọn kì í jẹ́ kó dì. Ẹ yọ wọ́n kúrò. Ẹ lo ẹran màlúù lílọ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún, gíráàmù 150 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fẹ̀ ju búrẹ́dì lọ díẹ̀, torí yóò sún kì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọnú kó má baà wú. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó wọ páànù gbígbóná ni kẹ́ ẹ tó wọ́n iyọ̀ sí i lára. Iyọ̀ tí a pò mọ́ ọn ń mú un le. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ wá yí i. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé 71°C.

Yájì, ìyẹn ata súyà, ńkọ́? Lẹ́yìn tí ẹran bá jinná ni kẹ́ ẹ tó wọ́n ọn sí i o. Ẹ̀pà inú rẹ̀ tètè ń jóná, á sì korò.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àmọ́ tó ṣì le díẹ̀ ni kẹ́ ẹ là gbọọrọ, kẹ́ ẹ dín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí epo ro dànù. Ẹ dín ata títí omi á fi gbẹ tí epo á léfòó. Ẹ fi bọ́tà yan inú búrẹ́dì, kí ata sì wà lórí ẹran, kó má kan búrẹ́dì rárá.

Ẹ tún lè gbìyànjú wàrà díndín: kì í yọ́ bíi ṣíìsì, ó sì dùn gan-an pẹ̀lú dòdò.